Fèrèsé Mẹ́jọ ní Ìjẹmọ̀

Èmi ni mo yọ fèrèsé ilé bàbá bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó mọ̀ mí ní Ìjẹmọ̀, l'Abẹ́òkúta, má baà kà á dé àárín kó wá ní, "Ṣé ìwọ kọ́ ni?" Èmi ni. Ọdún 2009 ni, owó àjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo wá pe káfíńtà kan láti Ìtòkú pé kó bá mi yọ fèrèsé mẹ́jọ tó wà lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, kó fi alumíníọ̀mù onígíláàsì sí i. Fèrèsé onípákó ni wọ́n, abala méjì méjì, tí wọ́n to pákó pẹ́lẹ́bẹ́ sí láàárín bí ìpẹ́ ẹja, kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé kí òjò má sì ráyè. Igi ìrókò ni. Káfíńtà náà fi òòlù gbá àkọ́kọ́, kò mì. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyá tó ń ta láfún lẹ́yìn ilé wa ló ra àwọn pákó náà láti fi dáná. ₦2,000 ló san, mo tiẹ̀ rò pé mo jèrè. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà fi máa dé, kò sẹ́ni tó lè sùn lókè mọ́ lọ́sàn-án. Fèrèsé tuntun yẹn, ìdajì rẹ̀ ló ń ṣí, ìdajì kejì kàn dúró bẹ́ẹ̀ ni, ó ń pe oòrùn wọlé. Ìyá mi, tó ti ń sùn nínú yàrá yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé ọkọ, ká ẹní rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò bá mi wí. Ó kàn ń pe fèrèsé náà ní "gíláàsì ọmọ mi" ni, ohùn tó sì fi ń pè é ti tó mi í gbọ́.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí wọ́n bá ní kí n dìde sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé tí a ti ń ṣe ládùúgbò wa láti ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn. Ohun tí à ń lé kò tíì ní orúkọ kan pàtó láàárín wa. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní àdúgbò àjogúnbá. Àwọn àgbà ń pè é ní ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́. Bàbá kan tí kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá sọ ọ́ ní "ẹgbẹ́ má-fọwọ́-kàn-án", orúkọ yẹn ló sì ń tàn jù. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé kí àwọn tó nílé ní àdúgbò kan fẹnu kò, kí òfin sì gbè wọ́n lẹ́yìn, pé ẹnikẹ́ni kò ní dá jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan kó pa ojú àdúgbò náà rẹ́.

Ẹnu àbúrò mi kan ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, Charleston ló ń gbé, ní South Carolina lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rín ò jẹ́ kó ráyè sọ̀rọ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò ní gbà gbọ́. Láńlọ́ọ̀dù mi fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé kan ṣoṣo, wọ́n ní àfi kó lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀!" Mo bi í pé irú fèrèsé wo. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Abala méjì, pákó pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́. Mo wò ó títí iná ojú fóònù fi kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nípa ìlú náà nìyẹn. Ní 1931 ni wọ́n ṣe òfin tó ya apá kan Charleston sọ́tọ̀, àwọn ló sì kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ohun tó bí òfin náà kò ṣàjèjì sí wa: mọ́tò ti pọ̀ nílùú, àwọn elépo ń ra ilé àtijọ́, wọ́n ń wó o, wọ́n ń kọ́ ilé epo síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí òfin náà gbé kalẹ̀ kò bìkítà nípa ohun tí o gbé sínú pálọ̀ rẹ. Ohun tí ẹni tó ń kọjá lójú títì lè fojú rí ni tiwọn: òrùlé, òpó, fèrèsé, bí ilé ṣe ga tó àti bó ṣe jìnnà sí títì tó. Bí o bá fẹ́ wó nǹkan kan tàbí kí o kọ́ tuntun, wàá gbé àwòrán rẹ̀ wá, wọn yóò gbé e yẹ̀ wò, wọn yóò fún ọ níwèé, tàbí kí wọ́n ní kí o lọ tún un ṣe.

Ibì kan wà nínú rẹ̀ tó gbà mí lọ́jọ́ mélòó kan kó tó yé mi. Láti 1966, Amẹ́ríkà ní ìwé kan tí ìjọba àpapọ̀ ń kọ orúkọ ilé àti àdúgbò tó níyì sí. Mo rò pé ìwé yẹn ló ń dáàbò bò wọ́n. Irọ́ ni. Bí onílé bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ wó ilé tó wà nínú ìwé yẹn lọ́la, ìwé náà kò ní dá a dúró. Òfin tó léyín ni èyí tí ìlú fúnra rẹ̀ ṣe, fún àdúgbò tó ní ààlà, tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ ààlà náà.

Àwa náà rí irú rẹ̀. Ìlojò Bar tó wà ní Tinúubú l'Ékòó, ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé, ló kọ́ ọ ní 1855. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Òfin 1979 tó dá àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀ tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday, 11 September 2016, tí Iléyá ku ọ̀la, katapílà wó o lulẹ̀. Òfin tiwa tilẹ̀ léyín lórí ìwé ju ti Amẹ́ríkà tí mo sọ yẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo aládùúgbò kan tó jí lọ́jọ́ Sunday, tó gbọ́ ariwo katapílà. Ta ni kó pè? Ọ́fíìsì wo ló ṣí? Àwọn èèyàn sì ti ń fa àgbò wọlé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ní ìpàdé wa àkọ́kọ́ pé Àbújá kọ́ ni ká kọrí sí. Ní 2003 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ọ̀rọ̀ ìṣètò ìlú, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Ilẹ̀ náà, láti ìgbà òfin ilẹ̀ 1978, gómìnà ni wọ́n kó o lé lọ́wọ́. Ẹni tó ń fọwọ́ sí páláànù ilé, Òkè Mọ́sàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wa wà, àti ìjọba ìbílẹ̀ ló wà, a lè wọ ọ̀kadà débẹ̀. Ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Wọ́n á sì tún fi katapílà kan náà fẹ ọ̀nà gba orí ilé yín." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dùn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Nígbà tí wọ́n fẹ ọ̀nà kan nítòsí wa, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ iye kan sára ògiri ilé ìyàwó àbúrò bàbá mi, ìdajì ilé ni wọ́n gé, ìdajì kejì sì wà níbẹ̀ fún ọdún méjì, tí èèyàn ń rí ìbùsùn wọn láti ojú títì.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló kù tí a ò tíì dáàbò bò l'Abẹ́òkúta. Olúmọ wà níbẹ̀, ìjọba ti ṣe àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ agbéniròkè sí i. Ààfin Aké wà. Ṣọ́ọ̀ṣì Peter Mímọ́ l'Aké wà. Gbọ̀ngàn ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n kọ́ ní 1930 láti fi rántí ìtẹ̀dó ìlú wà. Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó máa gbé katapílà lọ síwájú Aké. Ohun tó ń kú ni ohun tó wà láàárín wọn: òpópónà tí o máa gbà láti Sápọ́n dé Aké, ilé tí kò lórúkọ, tí ẹni tó kọ́ ọ kì í ṣe olóyè, tó kàn jẹ́ pé ó ta kòkó tàbí aṣọ, owó dé, ó kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ó ní kí bíríkìlà fi simẹ́ńtì kọ ọdún tó kọ́ ọ sórí bálíkónì. Tiwa, 1927 ni. Bí o bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, tí o fi Olúmọ àti Aké sílẹ̀ ní àwọn nìkan, ó dà bí ẹnu tí eyín méjì péré kù sí.

Ìpàdé àkọ́kọ́ yẹn, abẹ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì wa la ti ṣe é. Ẹ̀gbá kò lólú, gbogbo wọn ní ń ṣe bí ọba. Ẹni tó bá rò pé oríkì lásán nìyẹn, kó wá jókòó sí ìpàdé àwọn onílé ní Ìjẹmọ̀. Wákàtí mẹ́ta la fi jà lórí ibi tí àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ààlà tí ìwé ìjọba mọ̀ kì í ṣe ààlà tí àwọn àgbà mọ̀. Bàbá kan ní ilé òun wà ní Ìjẹmọ̀ láti ìran dé ìran, òun ò sì ní fọwọ́ sí ohun tó máa sọ òun di ará ibòmíì. Omíràn tí ilé rẹ̀ wà láàárín gbùngbùn ní kí wọ́n yọ òun kúrò, kí ààlà ṣe kọ́ńdọ́rọ́ yí ilé òun ká. A ò parí ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun tó so èso ni pé èmi àti àwọn ọ̀dọ́ méjì mú ìwé elójú-ewé ogójì, a ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Mo ti rò pé ilé ni a fẹ́ kà. Ní Charleston àti irú ibẹ̀, wọ́n máa ń pín ilé àdúgbò sí èyí tó bá ìtàn ibẹ̀ mu àti èyí tí kò bá a mu. Àwa náà fa ìlà méjì sínú ìwé wa. Kò pẹ́ tí ìlà méjì ò fi gbà á mọ́. Nítorí lẹ́yìn ilé kejì tí a dé, àpáta ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Abẹ́òkúta mọ ohun tí mò ń sọ. Ilé fara ti àpáta, ògiri ilé ìdáná jẹ́ àpáta, wọn ò fọ́ ọ, wọ́n kàn mọ amọ̀ kàn án ni. Lórí àpáta ẹ̀yìn ilé yẹn, láfún funfun ni wọ́n sá, ó tẹ́ bí aṣọ àlà, ọmọdébìnrin kan jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń lé adìyẹ. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, àpáta náà dúdú ju ti ibi yòókù lọ. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ìyá wọn àgbà ti ń sá àdìrẹ. Omi aró ti wọ ara òkúta, òjò ọ̀pọ̀ ọdún ò sì fọ̀ ọ́ kúrò. Mo fọwọ́ rà á, mo wo ọwọ́ mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Inú ìlà wo ni ká kọ ìyẹn sí? Ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé wò mí, mo wò ó, ó fa ìlà kẹta.

Ìlà kẹta yẹn ló padà gùn jù. Àpáta wà níbẹ̀, kànga wà níbẹ̀, sàréè tó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wà níbẹ̀, àti àwọn ọ̀nà tóóró tó gba àárín ilé kọjá, tí ẹni méjì ò lè rìn pọ̀ nínú wọn. Ìyá bàbá mi, ọmọdé ni nígbà tí ọ̀rọ̀ Ìjẹmọ̀ ṣẹlẹ̀ ní 1914, tí wọ́n kó sójà wọ àdúgbò wa, tí ìbọn dún, tí ẹ̀mí ṣòfò. Kí ọdún náà tó parí, òmìnira tí ìwé àdéhùn 1893 fi sílẹ̀ fún ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti tán. Ìyá àgbà ò mọ ìwé àdéhùn kankan. Ohun tó máa ń sọ ni pé àwọn obìnrin gba ọ̀nà àárín ilé kó ọmọ sá, pé àwọn sójà tó wà lójú títì kò mọ̀ pé ọ̀nà wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà yẹn ṣì wà. Ẹnì kan ti gbé ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ sẹ́nu rẹ̀.

Bàbá tó sọ wá ní má-fọwọ́-kàn-án ló da ọ̀rọ̀ mi rú jù, mi ò sì tíì rí èsì kíkún fún un títí di òní. A kí wọn nílé, wọ́n fún wa ní omi, wọ́n jẹ́ kí n rojọ́ mi tán. Wọ́n wá ní, "Ilé bàbá rẹ àgbà yẹn, kí ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ?" Mo ní mi ò mọ̀. "Agboolé ló wà níbẹ̀. Ògiri amọ̀, òrùlé koríko, àgbàlá wà láàárín tí òjò ń rọ̀ sí. Ilé mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀. Ta ló wó o? Bàbá rẹ àgbà ni. Wọ́n wó ogún bàbá tiwọn, wọ́n fi kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì kí wọ́n lè ṣe bí Sàró. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn Sàró, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n já gbà lójú òkun, tí wọ́n gbé ní Sierra Leone kí wọ́n tó máa padà wálé láti nǹkan bí 1839, àwọn ló mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá. Àwọn yòókù rí i, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Bí ìlú yìí bá ti ní òfin àdúgbò àjogúnbá ní 1927, pẹ́tẹ́ẹ̀sì wa ò ní sí. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ibi tí mo dúró sí báyìí ni pé bàbá àgbà wó agboolé, ó sì kọ́ ilé tí èèyàn ń gbé, ẹbí kan náà ló sì ń gbé inú rẹ̀. Ohun tó ń rọ́pò àwọn ilé yìí lónìí kì í ṣe ilé. Ilé epo ni, ilé ìkẹ́rù ni, tàbí ilẹ̀ òfìfo tí ẹnì kan l'Ékòó fi ọgbà yí ká, tó kọ "Ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà" sí i lára, tí igbó sì gbà. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ fún bàbá yẹn pé ìgbà kan wà tí ìlú gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Mo dúpẹ́ omi, mo dìde.

Ẹlòmíì tó dá mi dúró ni opó kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé ọkọ rẹ̀. Ó ti la ògiri iwájú, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù méjì síbẹ̀, ó fi ọ̀kan háyà fún oní-POS, ó ń ta ohun èlò ọbẹ̀ nínú èkejì. Owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta ń ti ibẹ̀ jáde. Bí a bá fi òfin Charleston lé ibẹ̀ bó ṣe wà, a ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Mo bínú sí ara mi pé mi ò rò ó kí n tó wọlé rẹ̀, tí mò ń fi pẹ́ńsù tọ́ka sí ihò tó lù sí ògiri. Láti ọjọ́ yẹn la ti fẹnu kò pé ìsàlẹ̀ tó kọjú sí títì, ọjà lè wà níbẹ̀. Àwọn ilé yìí náà, ẹni tó kọ́ wọn ń tajà nísàlẹ̀, ó ń sùn lókè.

Ẹ jẹ́ kí n yà sọ́nà díẹ̀ sọ ti bíríkìlà àgbà kan tó ń bá wa rìn, torí ohun tó kọ́ mi lọ́jọ́ kan ju gbogbo ohun tí mo kà lọ. Ó mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé kan tí simẹ́ńtì ara rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì, ó fi ìka kàn án, ó dún gbọ̀ngbọ̀n. Ó yọ ọ̀kan, ó bọ́ odindi bí àwo. Amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ tutù, ó rọ̀, o lè fi èékánná gbẹ́ ẹ. Ó ní, "Amọ̀ máa ń mí. Omi tó bá wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi bá jáde. Ẹ ti fi simẹ́ńtì dí i nímú." Ó ní láyé ọjọ́un, ọdọọdún ni wọ́n ń fi amọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ra ògiri lẹ́yìn òjò, iṣẹ́ àwọn obìnrin ilé sì ni. Gbogbo wa tí à ń sọ pé ilé amọ̀ kì í pẹ́, àwa la fún un lọ́rùn. Ọgbà iwájú ni mo ti jókòó sí lẹ́yìn ìyẹn, mò ń wo ògiri wa tí mo fi simẹ́ńtì rẹ́ ní ọdún kan náà tí mo ṣe fèrèsé.

Owó wá ni gbogbo rẹ̀. Òfin tó bá ní kí n má wó ilé, tí òrùlé ilé náà sì ń jò, ó kàn ní kí n jókòó sínú òjò ni. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá tún ilé àjogúnbá tó ń pawó wọlé ṣe dáadáa lè rí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná yọ kúrò nínú owó orí rẹ̀. Níbí, ta ló ń san owó orí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹmọ̀? Obìnrin kan ló dá a sílẹ̀ pé ká dá àjọ, kí ẹni tó bá kó o má rí owó gbà, kó jẹ́ páànù ni wọ́n máa gbé fún un, pẹ̀lú ìṣó àti owó káfíńtà. Àjọ páànù. Ìjà ẹni tó máa kọ́kọ́ kó o gbà wá ní oṣù méjì. Òrùlé kan ti parí, èkejì kù díẹ̀. Páànù tuntun náà ń dán lójú gbogbo òrùlé pupa tó yí i ká, ó dà bí eyín góòlù, àwọn kan sì ti ń ráhùn pé ó ba ojú jẹ́. Òjò méjì ni kó rọ̀, á pupa.

Ohun tó le ju owó lọ ni ẹbí. Ní Charleston, lọ́pọ̀ ìgbà, ilé kan, onílé kan, orúkọ kan lórí ìwé. Ilé tiwa, ọmọ bàbá àgbà mẹ́fà ló ní i, àwọn mẹ́fà yẹn ti bí tiwọn, tiwọn ti bí tiwọn. Olórí ẹbí ò lè dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Ẹnì kan nínú ẹbí ò sì lè tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, ojú òfin kò rí títà náà. Mo máa ń rò pé ìṣòro wa nìyẹn. Mo ti yí èrò padà. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí fi ṣì dúró ni pé ẹbí ò fẹnu kò láti tà á. Àìgbọ́ra-ẹni-yé ti ṣe iṣẹ́ ìgbìmọ̀ fún wa láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìwé tí a kọ, nítorí náà, olórí ẹbí nìkan kọ́ ló ń fọwọ́ sí i. Ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ka ẹbí kọ̀ọ̀kan, gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan níbẹ̀.

Ojú ewé kan ni ìwé náà, Yorùbá la fi kọ ọ́. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ wó ilé tó kọjú sí títì á sọ fún àwọn yòókù ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n lè wá bóyá ẹlòmíì lè rà á tàbí tún un ṣe. Ó ní ilé tuntun ò gbọdọ̀ ga ju pẹ́tẹ́ẹ̀sì alájà kan lọ ní ìhà tí a ti ń rí Olúmọ. Àpáta ò ṣeé fọ́, ọ̀nà àárín ilé ò ṣeé dí (ẹ̀rọ amúnáwá yẹn ti kúrò, ó di inú àgbàlá onítọ̀hún). Inú ilé rẹ, ìwọ lo mọ̀. Ìwé àdéhùn lásán ni o, kò tíì ní òfin lẹ́yìn. Agbẹjọ́rò kan nínú wa ń tò ó kí a lè gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, ó ní àwọn tó wà níbẹ̀ máa kọ́kọ́ béèrè pé ẹbí mélòó ló fọwọ́ sí i.

Ẹbí méje ti fọwọ́ sí i. Tiwa ò sí nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó wà l'Ékòó, ti bá ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo sọ̀rọ̀. Owó tí wọ́n dá lé e kì í ṣe owó kékeré, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi náà bí sì ń ṣàìsàn. Wọ́n ní, "Àbúrò, ìwọ tí o yọ fèrèsé, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ilé títọ́jú?" Mi ò rí nǹkan sọ lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ńkọ́?" A sọ̀rọ̀ ọmọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá ìyá oníláfún lẹ́yìn ilé. Wọ́n ti dàgbà, ọmọ wọn ló ń tajà báyìí. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo bi wọ́n bóyá nǹkan kan kù nínú pákó ọjọ́ yẹn. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ìrókò ò kí ń tètè jó, pé èyí tó jó jó, pé ọ̀kan wà tí àwọn fi ń dé kànga. Mo lọ wò ó. Abala kan péré ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, ṣùgbọ́n ìpẹ́ ẹja ara rẹ̀ pé, irin tó fi ń ṣí, tó fi ń padé, sì ṣì ń yí. Ìyá ní mo lè gbé e, kí n ṣáà ti wá ìdérí mìíràn fún kànga kí ọmọ má baà já sí i.

Mo gbé e gun òkè, mo pe káfíńtà, kì í ṣe ti 2009, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ tó ti dá dúró. A yọ alumíníọ̀mù fèrèsé yàrá ìyá mi. Ó gbé abala náà sí ojú ihò, ó fà á sápá òsì, ó fà á sápá ọ̀tún. Ó mú téèpù. Nígbà tí a fi gíláàsì sí i lọ́jọ́sí, bíríkìlà ti gé ògiri kí alumíníọ̀mù lè wọ̀ ọ́. Ihò náà ti fi íǹṣì márùn-ún fẹ̀ ju bí bàbá àgbà ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Káfíńtà náà yí téèpù rẹ̀ padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká fi amọ̀ dí i, àbí simẹ́ńtì?"

Mo ní kó dúró, kí n lọ pe bíríkìlà àgbà wá.